Fágbénró Wo Ni Wọ́n Kọ̀wé Sí?

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa, àwọn tó ń rí jẹ láti òdìkejì rẹ̀ ò kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́. Sẹ̀kínát tó ń gbé ní Afọ̀n wà lára wọn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń gbé ẹlùbọ́ láfún lọ sọ́jà ní ìhà Kétu, tó sì ń kó ẹní ọ̀rá bọ̀ wálé. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbé igi dí ọ̀nà nínú oṣù kẹjọ, ó sọ fún ara rẹ̀ pé bó pẹ́ tán, kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Oṣù kẹsàn-án wọlé, igi ṣì wà níbẹ̀, kòkòrò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹlùbọ́ tó kó pamọ́ sínú yàrá.

Inú oṣù kẹsàn-án náà ni obìnrin kan wọ Afọ̀n tó ń béèrè ẹni tó mọ igbó Agbọ́n dáadáa. Ọmọ́délé lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan l'Abẹ́òkúta, ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Igbó Agbọ́n yìí, igbó ìjọba ni. Ẹ̀yìn oko àwọn ará Afọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ títí dé ibi tí èèyàn ò ti lè fi ojú ya ilẹ̀ Nàìjíríà sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ Kútọnu. Ojúlé Sẹ̀kínát ni gbogbo èèyàn júwe fún àlejò náà, nítorí bàbá Sẹ̀kínát, Ṣàíbù Fágbénró, ló ṣe gáàdì igbó náà fún ọgbọ̀n ọdún kó tó kú. Ọmọ ọdún méje ni Sẹ̀kínát nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e wọbẹ̀, kò sì dẹ́kun rẹ̀ títí tó fi relé ọkọ.

Ọmọ́délé ní ẹyẹ agbe lòun fẹ́ rí. Ó ní gbogbo ayé ló ń fi agbe ṣàdúrà, àmọ́ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ pé òun rí i lórí igi rí. Ọ̀rọ̀ náà pa Sẹ̀kínát lẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló mú un lọ. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti rí agbe mẹ́ta lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ kan létí odò. Ọmọ́délé dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Sẹ̀kínát wo ẹyẹ, ó wo obìnrin náà, kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Bí wọ́n ṣe ń jáde bọ̀ ni Ọmọ́délé là á yé e pé iṣẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n ṣe yìí. Ó ní àwọn èèyàn máa wá láti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ní Sátidé, wọ́n á sì sanwó fún ẹni tó bá mú wọn rìn. Àmọ́ igbó ìjọba ni. Ilé ẹ̀kọ́ òun ò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tẹ ibẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ, pàápàá nírú àkókò yìí tó jẹ́ pé bí ṣọ́jà bá rí èèyàn mẹ́wàá tó ń jáde látinú igbó nítòsí bọ́dà, onífàyàwọ́ ni wọ́n máa pè wọ́n.

"Ẹ bá wa gba ìwé àṣẹ yẹn, Màmá," ni Ọmọ́délé wí. "Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀."

Sẹ̀kínát ò rí ohun tó le nínú rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́ igbó, ṣé wọ́n á tún máa bi í pé ta ni?

Ayétòrò ló kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó bá nídìí tábìlì lọ́fíìsì igbó ṣe é dáadáa, ó fún un ní àga, ó sì bi í pé kí ló fẹ́ kó nínú igbó. Sẹ̀kínát ní òun ò fẹ́ kó nǹkan kan. Ọkùnrin náà rò pé kò gbọ́ ìbéèrè ni, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríṣiríṣi fóòmù tó wà nílẹ̀ fún un: ti gẹdú, ti igi ìdáná, ti ewé, ti ìgbín, ti oyin. Sẹ̀kínát ní kò sí èyí tó kàn án níbẹ̀, pé wọ́n kàn máa wò ó ni.

"Kí lẹ máa wò?"

"Ẹyẹ."

"Tẹ́ ẹ bá wá wò ó tán ńkọ́?"

"A máa padà sílé."

Ọkùnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kóun má parọ́ fún un, láti ìgbà tóun ti dé ibẹ̀, gbogbo fóòmù tóun rí, ti ẹni tó fẹ́ mú nǹkan jáde ni. Kò sí fóòmù fún ẹni tó fẹ́ wọlé kó jáde lọ́wọ́ òfo. Ó ní kó máa lọ sí Ìlaró, pé àwọn yẹn á mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Nígbà tó dé Ìlaró, wọ́n ní kó lọ kọ lẹ́tà ìbéèrè wá. Ó wọkọ̀ padà sílé, ó sì ń rò ó lọ́nà pé irú iṣẹ́ wo ni èyí tó jẹ́ pé olè á rí fóòmù rẹ̀ gbà, ẹni tí ò jalè ò ní rí.

Tíṣà Nathaniel ló ń bá gbogbo Afọ̀n kọ lẹ́tà. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Sẹ̀kínát sọ fún un pé kó má lo orúkọ ọkọ òun, nítorí igbó ò mọ orúkọ ọkọ òun. Kó kọ Fágbénró S., kó sì fi kún un pé Fágbénró ti mọ igbó Agbọ́n láti ọgbọ̀n ọdún ó lé. Tíṣà wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀, ó bi í pé ṣé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Sẹ̀kínát ní bóun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó fọwọ́ sí i, nítorí ó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ èdè òyìnbó tó wà lókè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí èsì tó dé. Awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Ìlaró ló gbé e wá. Inú Sẹ̀kínát dùn gan-an sí sítáǹpù pupa tó wà lára rẹ̀, ó sì mú un lọ bá Tíṣà. Tíṣà kà á tán, ó yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Sẹ̀kínát," ni ó wí, "wọ́n ní kí bàbá ẹ wá sọ ìdí tí kò fi yọjú síbi iṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá."

"Bàbá mi wo?"

"Fágbénró. Wọ́n ní kó dé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n máa fìyà jẹ ẹ́ bí òfin ṣe wí."

Sẹ̀kínát jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Tíṣà. Òun fúnra rẹ̀ ló di ojú bàbá rẹ̀ nígbà tó kú. Wọ́n ti lọ sọ fún wọn ní Ayétòrò lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, àwọn kan níbẹ̀ tilẹ̀ wá síbi àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ. Ó bi Tíṣà pé ṣé wọ́n ń bú òun ni. Tíṣà ní kò jọ èébú. Ó bi í pé ìwé àṣẹ tóun béèrè ńkọ́. Tíṣà ní wọn ò mẹ́nu bà á rárá. Ní gbogbo ọjọ́ náà, ohun tó ń ṣe Sẹ̀kínát kì í ṣe ìbínú. Ó ń ronú pé ibì kan wà ní Ìlaró tí wọ́n ti ń retí bàbá òun, tí wọ́n tilẹ̀ ń bínú pé ó pẹ́. Kò mọ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún.

Nígbà tó máa fi gbéra lọ sí Ìlaró, epo bẹntiróòlù ti wọ́n ní gbogbo agbègbè náà, nítorí wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbé e wá sí àwọn ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà mọ́. Ọlọ́kadà tó gbé e dé Ayétòrò ní òun ò mọ̀ bóyá òun á rí epo padà. Láti Ayétòrò dé Ìlaró, ó ka ibi mọ́kànlá tí wọ́n ti dá ọkọ̀ wọn dúró, kó tó sú u láti máa kà. Wọ́n ń tú àpò ìrẹsì ni. Wọ́n tú àpò rẹ̀ náà, wọ́n bá gèlè kan àti lẹ́tà níbẹ̀.

Ọ̀gá tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà ò tíì pé ọdún kan ní Ìlaró. Ọkùnrin tó tó ọmọ ogójì ọdún ni, ó kí Sẹ̀kínát tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì béèrè pé níbo ni Bàbá Fágbénró wà. Sẹ̀kínát ní ó ti kú. Ọ̀gá náà ṣí ìwé iwájú rẹ̀, ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀.

"Ta ló wá kọ lẹ́tà sí wa nínú oṣù kẹwàá?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni Fágbénró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fágbénró ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá náà pa ìwé náà dé, ó tún ṣí i. Sẹ̀kínát rí i pé kì í ṣe òun nìkan ni nǹkan dàrú mọ́ lójú, ìyẹn sì mú kí ara tù ú díẹ̀. Ọ̀gá náà wá ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ fún un. Nígbà tí lẹ́tà Fágbénró S. dé, wọ́n lọ wá orúkọ náà nínú yàrá fáìlì, wọ́n sì rí Fágbénró S., gáàdì igbó Agbọ́n, tí kò kú sínú ìwé, tí kò fẹ̀yìn tì, tí kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kà á nínú lẹ́tà pé ó ti mọ igbó náà láti ọgbọ̀n ọdún, ó sì tún ń béèrè àṣẹ láti máa mú àlejò wọbẹ̀. Ọ̀gá náà rò pé òṣìṣẹ́ tó sá níbi iṣẹ́ ló fẹ́ sọ igbó ìjọba di ṣọ́ọ̀bù. Ó tọrọ àforíjì. Ó wá ní kó lọ bá Bàbá Bàrúwà nínú yàrá fáìlì, kí wọ́n jọ wo ohun tó ṣeé ṣe.

Bàrúwà ti darúgbó sínú yàrá náà. Ọdún yẹn gan-an ló máa fẹ̀yìn tì. Nígbà tó gbọ́ orúkọ, ó dìde nílẹ̀, ó ní òun mọ Ṣàíbù, pé ó máa ń gbé ìgbín wá fóun nígbà òjò. Ó gbé fáìlì náà kalẹ̀. Ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé. Lẹ́tà Sẹ̀kínát ló wà lókè pátápátá, abẹ́ rẹ̀ sì ni ìròyìn oṣooṣù tí Fágbénró ń fi ránṣẹ́ láti inú igbó wà, ti ọdún dé ọdún.

Sẹ̀kínát ní bóyá ti ẹlòmíì ni. Bàbá òun ò kọ́ ìwé. Bàrúwà ní ti Ṣàíbù ni, orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Sẹ̀kínát tẹjú mọ́ ìwé náà. Kò mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ ó rí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Fágbénró, bí ìrù rẹ̀ ṣe ká sókè bí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́. Ó wo lẹ́tà tòun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìrù kan náà ni. Ọwọ́ Tíṣà Nathaniel ni.

Ó bẹ Bàrúwà pé kó ka èyíkéyìí tó bá wù ú sétígbọ̀ọ́ òun. Ọkùnrin náà fa ti ọdún kan yọ, nígbà tí Sẹ̀kínát wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń kà á. Igi ìrókò méjì wó lẹ́bàá ọ̀nà Ìmẹ̀kọ. Àwọn kan ń dáná sun ìgbẹ́ ní apá ìwọ̀ oòrùn, òun ti kìlọ̀ fún wọn. Ọ̀bọ pọ̀ lóṣù yìí. Agbe mẹ́rin wà létí odò. Bàrúwà wá ka ìyókù.

"'Ọmọ mi obìnrin ló rí gbogbo rẹ̀. Ojú mi ọ̀tún ti lọ, ti òsì náà ń ṣú. Mo bẹ̀bẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kí n máa mú un dání.'"

Sẹ̀kínát ní kó tún un kà. Bàrúwà tún un kà.

Gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ń dúró nínú igbó táá ní, "Kí nìyẹn lọ́hùn-ún, Sẹ̀kínát? Ẹyẹ mélòó lo rí? Àwọ̀ wo ló ní?" Ó rò pé ó ń kọ́ òun ni. Bó bá dáhùn bó ṣe yẹ, inú rẹ̀ á dùn bí ọmọ tó yege nínú ìdánwò. Ó tún bi Bàrúwà pé kí ló wà nínú àwọn ìwé tó tẹ̀ lé ọdún tóun relé ọkọ. Bàrúwà ṣí wọn síwá sẹ́yìn. Ó ní wọn ò gùn mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn: igbó wà dáadáa.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́ kí wọ́n tó ti ibi ọ̀rọ̀ bàbá dé orí ìwé àṣẹ. Bàrúwà ní àwọn ò lè pa fáìlì náà dé láìsí ìwé ẹ̀rí ikú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ò sì lè ṣí tuntun fún un nítorí kò sí oríṣi iṣẹ́ tó bá tirẹ̀ mu. Àmọ́ nínú fáìlì yìí kan náà, ó rí ìwé àtijọ́ kan tó ní kí gáàdì igbó Agbọ́n máa mú àlejò tó bá wá wo igbó rìn, kó sì máa mú wọn jáde. Ó gbé e lọ bá ọ̀gá. Wọ́n pẹ́ nínú yàrá kí ọ̀gá tó ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà kan: Fágbénró S. lè mú àlejò tí kò bá ju mẹ́wàá lọ wọ igbó Agbọ́n ní ojúmọmọ, wọn ò gbọdọ̀ mú nǹkan kan jáde, títí di ìgbà tí ọ́fíìsì bá tún sọ̀rọ̀. Wọ́n lu sítáǹpù sí i.

Sẹ̀kínát gbà á lọ́wọ́ Bàrúwà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, ta ni wọ́n fún?"

"Fágbénró S."

"Èwo nínú wa?"

Bàrúwà rò ó. "Ọmọ mi," ni ó wí, "ohun tí ìwé ò bá bi ọ́, ìwọ náà má bi ìwé."

Nígbà tó dé Afọ̀n, ilé Tíṣà ló kọ́kọ́ yà sí, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní òun rí ọwọ́ rẹ̀ nínú fáìlì bàbá òun. Tíṣà ò sẹ́. Ó ní wọn kì í fi ẹni tí ò mọ ìwé ṣe gáàdì nígbà yẹn, ẹni tí ojú rẹ̀ ń lọ ńkọ́? Ṣàíbù ló máa ń wá ní ìparí oṣù, táá máa sọ ohun tí Sẹ̀kínát rí, tóun á sì máa kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, Ṣàíbù ní kóun kọ òtítọ́ nípa ojú rẹ̀ síbẹ̀, pé irọ́ ti wọ òun lọ́rùn. Òun kọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Kò sí ẹni tó fèsì láti Ìlaró.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ó ní tó o bá mọ̀, wàá máa bẹ̀rù láti wo nǹkan, kó o má baà ṣì í wí."

Sẹ̀kínát fẹ́ bínú sí Tíṣà, àmọ́ bó ṣe ń wá ibi tó máa gbá ìbínú náà mú, ṣe ló ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí i pó dàárọ̀, ó sì lọ sílé.

Sátidé kejì nínú oṣù Ọ̀pẹ ni Ọmọ́délé dé pẹ̀lú èèyàn mẹ́sàn-án. Níbi tí ọ̀nà igbó ti yà kúrò lójú títì, àwọn ṣọ́jà dá wọn dúró. Èyí tó gba ìwé lọ́wọ́ wọn gbọ́ Yorùbá, ti apá Ọ̀fà. Ó kà á, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ni Ọ̀gbẹ́ni Fágbénró nínú yín?"

Ọmọ́délé la ẹnu láti ṣàlàyé, Sẹ̀kínát sì ti dáhùn.

"Èmi ni."

"Màmá, Ọ̀gbẹ́ni ni wọ́n kọ síbí."

"Wọ́n ṣì í kọ níbẹ̀ yẹn. Èmi ni Fágbénró."

Ṣọ́jà náà pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n dúró sínú oòrùn fún nǹkan bíi wákàtí kan. Nígbà tó padà, ó ní kí wọ́n máa lọ, àmọ́ aago méjì ò gbọdọ̀ bá wọn nínú igbó.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Sẹ̀kínát fi rí i pé igbó náà ti yí padà. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀kadà àwọn tó ń kó ìrẹsì gba ẹ̀yìn ti la ọ̀nà síbi gbogbo. Níbi tí ọ̀nà kan ṣoṣo ti máa ń wà, mẹ́rin ló yà níwájú rẹ̀ báyìí, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, gbogbo wọn jọra. Ó dúró. Àwọn àlejò náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń retí. Ọmọ́délé rọra béèrè pé ṣé kò sí nǹkan.

"Mo ń wò ó ná," ni Sẹ̀kínát wí, òtítọ́ ló sì sọ.

Ó yí sí ọmọkùnrin onígíláàsì kan tó wà nítòsí rẹ̀, ó ní kó bá òun wo ọ̀nà ọwọ́ òsì dáadáa, kí ló rí níbẹ̀? Ọmọ náà ní ojú táyà. Ó bi ẹlòmíì pé ti àárín ńkọ́. Ojú táyà ni. Ti ọwọ́ ọ̀tún? Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní koríko ti fẹ́ bo ti ìkẹyìn yìí, pé ó jọ pé ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ló ń gbà á. Sẹ̀kínát ní kí wọ́n gba ibẹ̀.

Wọ́n dé odò. Agbe kankan ò sí lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n rí ọ̀bọ, wọ́n rí àtíòro méjì tó ń fò lọ́nà jíjìn, wọ́n sì jẹ búrẹ́dì tí wọ́n gbé wá. Kò sí ẹni tó sunkún. Nígbà tí wọ́n jáde sójú títì, aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, ṣọ́jà ará Ọ̀fà náà ka orí wọn, ó pé. Ọmọ́délé béèrè pé ọjọ́ wo làwọn tún lè padà wá. Sẹ̀kínát ní Sátidé tó ń bọ̀ lókè, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n má sì wọ aṣọ funfun. Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé kò tíì mọ ọ́fíìsì tó yẹ kóun bi léèrè bóyá òun láṣẹ láti dá ọjọ́ fún wọn.